Mọ́tò mi ń gbọ̀n: ṣé kí n tún un ṣe fúnra mi, àbí kí n gbé e padà fún mẹkáníìkì?

Tíṣà_Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí torí ó ti tojú sú mi. Corolla 2005 ni mò ń wà, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ, Ìbàdàn níbí ni mo wà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mọ́tò yìí ti ń gbọ̀n bí mo bá dúró nínú go-slow, bó bá sì kan òkè báyìí, ṣe ló máa ń wọ́, bí mo tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ kò ní gbéra. Iná check engine ò wá kàn tàn mọ́, ó ti ń ṣẹ́jú. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi, kò so ẹ̀rọ kankan mọ́ ọn, ó kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fetí sí i díẹ̀, ló bá ní kí n lọ ra kọ́ìlì mẹ́rin (tó ń fún plọ́ọ̀gì níná), plọ́ọ̀gì mẹ́rin (tó ń ṣáná sí epo) àti ínjẹ́ítọ̀ (tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì), pé tí mi ò bá ṣe gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Owó tó pè, owó oṣù tíṣà ò lè gbé e.

Àbúrò ìyàwó mi ní kí n ra súpánà kí n máa wo YouTube, pé iṣẹ́ ọ̀hún ò le. Ìyàwó mi ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé mọ́tò táwọn ọmọ ń wọ̀ lọ sílé ìwé kọ́ ni mo máa fi kọ́ṣẹ́. Àwọn méjèèjì ló ní ẹjọ́ rò lójú mi. Kí ni mo lè fọwọ́ kàn, kí sì ni mi ò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀?

ỌmọGate:
Tíṣà, ẹ má tíì ra nǹkan kan o! Babaláwo tí ò tíì dá Ifá tó ti ń ka ẹbọ ni mẹkáníìkì yẹn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é ná.

Ẹ wá skánà kékeré, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi orúnkún dírẹ́bà, fóònù yín lẹ máa fi kà á pẹ̀lú Bluetooth. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò yẹn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá. Tó bá gbé kóòdù P0301 jáde, sìlíńdà kìíní ló ń mísì (epo inú ẹ̀ ò jó bó ṣe yẹ), P0302 ni ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé P0304. Ká ní P0301 ni. Ẹ pa mọ́tò, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, ẹ ṣí ike orí ẹ́ńjìnnì, ẹ máa rí kọ́ìlì mẹ́rin tó tò, bọ́ọ̀tì 10 kọ̀ọ̀kan ló dè wọ́n mọ́lẹ̀. Èyí tó sún mọ́ fáànù bẹ́ẹ̀tì jù ni ìkíní. Ẹ rọra tẹ ẹnu wáyà kẹ́ ẹ tó fà á, torí ike ẹ̀ ti gbó, ó máa ń kán wẹ́rẹ́. Ẹ wá gbé kọ́ìlì ìkíní sí ojú ìkẹta, kẹ́ ẹ gbé ti ìkẹta wá sí ìkíní, ẹ pa kóòdù rẹ́ lórí fóònù, ẹ sì wà á díẹ̀. Tó bá ti yí padà sí P0303, kọ́ìlì yẹn ló bàjẹ́, ọ̀kan péré lẹ máa rà! Tó bá ṣì dúró sí P0301, ẹ ṣe plọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ náà. Tí kò bá tún kúrò níbẹ̀, ó lè jẹ́ ínjẹ́ítọ̀, ó lè jẹ́ inú ẹ́ńjìnnì gan-an, ìyẹn ti di ti mẹkáníìkì.

Ẹ gbọ́, iná tó ń ṣẹ́jú yàtọ̀ sí èyí tó kàn tàn. Ó túmọ̀ sí pé epo tí ò jó ń lọ sínú kátálísì (ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́) níbi sàlẹ́ńsà, ó máa ń gbóná níbẹ̀ débi pé inú ẹ̀ lè yọ́. Ẹ má wà á lọ ibi tó jìnnà títí ẹ ó fi rí ìdí ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Bódìjà:
Mo wà lẹ́yìn ìyàwó yín o. Kọ́ìlì ò burú, tẹ́ ẹ bá ṣe é tí kò dáa, mọ́tò ò kàn ní ṣiṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bíréèkì ńkọ́? Tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú páìpù ẹ̀, ẹ ó kàn rí i tí ẹsẹ̀ yín ń rì wọlẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ nílò ẹ̀ jù, àwọn ọmọ sì wà lẹ́yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé sókè, kì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Mo rí ibi tí jáàkì ti yọ̀ ládùúgbò wa, orí ló kó ọmọkùnrin yẹn yọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló kù sábẹ́, ó pẹ́ kó tó rìn.

Èmi kì í tún mọ́tò ṣe, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ò lè rẹ́ mi jẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, torí pé obìnrin ni mí ni wọ́n ṣe máa ń pe owó tó bá wù wọ́n. Ẹni tó ní skánà ni mò ń gbé e lọ bá, èmi fúnra mi ni mò ń ra pátì, mo máa ń dúró tì í, mo sì máa ń gba èyí tó yọ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀gáRẹ́mi_Mẹkáníìkì:
Ẹ̀yin oníbàárà wa, iṣẹ́ mi rèé, Ìkòròdú ni mo wà, òótọ́ ni ỌmọGate sọ. Ó máa ń dùn mí táwọn kan bá ń sọ gbogbo wa di olè. Ẹni tó bá fetí lásán dá ẹjọ́ 1ZZ kò bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́.

Tíṣà, ohun tẹ́ ẹ lè máa ṣe nílé pọ̀: ẹ máa wọn ọ́ìlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ torí àwọn 1ZZ tó ti gbó máa ń jẹ ọ́ìlì, ẹ fọ orí bátìrì, ẹ pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́, kọ́ìlì, plọ́ọ̀gì. Ọ́ìlì ní ìwọ̀n tiẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á jù. Plọ́ọ̀gì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yẹn, ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ fi yí plọ́ọ̀gì wọlé títí ó fi jókòó kẹ́ ẹ tó fi súpánà kàn án, tó bá lọ́ wọlé, ó ti ba ojú ẹ̀ jẹ́ nìyẹn, owó ńlá ni. Rédíétọ̀, ẹ má ṣí ìdérí ẹ̀ nígbà tó gbóná.

Sípíríǹgì ṣọ́ọ̀kì, bíréèkì, gíà, wáyà yẹ́lò èábáàgì (àpò tó ń wú jáde tí mọ́tò bá kọlu nǹkan), ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wa. Sípíríǹgì yẹn tí wọ́n bá tú u láìfi irinṣẹ́ ẹ̀ dì í, ó lè pa èèyàn.

Tíṣà_Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bù kún yín. Ọ̀rẹ́ kan yá mi ní skánà, P0302 ló gbé jáde. Mo gbé kọ́ìlì ìkejì sójú ìkẹrin, ó di P0304 lóòótọ́! Kọ́ìlì kan ni mo rà, mọ́tò ti dákẹ́, iná ti kú. Ṣùgbọ́n ìdí kọ́ìlì tí mo yọ tutù fún ọ́ìlì, kí ló fà á?

Ọ̀gáRẹ́mi_Mẹkáníìkì:
Gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà (rọ́bà tó dí etí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì) ló ti gan, ọ́ìlì ń jò wọ ihò plọ́ọ̀gì. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, á ba tuntun yẹn jẹ́ bákan náà. Pátì ọ̀hún ò wọ́n, iṣẹ́ ẹ̀ ò sì tó ọjọ́ kan. Bọ́ọ̀tì orí ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fún jù torí wọ́n máa ń já, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ṣe é, kẹ́ ẹ dúró tì í, kó fi aṣọ gbẹ ọ́ìlì inú ihò náà kó tó dá kọ́ìlì padà.