Inṣọ́ránsì ayálégbé ní Houston: ta ló lè là mí lọ́yẹ̀?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ kó wọ fúláàtì oníyàrá kan ní Houston, ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Onílé ní òun ò ní fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àfi tí mo bá mú ìwé inṣọ́ránsì wá, èyí tó máa san tó 100,000 dọ́là bí mo bá ṣèèṣì dáná sun ilé. Ní Ìbàdàn tí mo ti wá, àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ wa. Ta ló mọ inṣọ́ránsì!

Ilé-iṣẹ́ kan pe 14 dọ́là lóṣù, òmíràn pe 23. Ti 14 yẹn, iye tí ẹrù bá tó lẹ́yìn tó ti gbó ni wọ́n máa san. Èkejì á san owó tí màá fi ra tuntun, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ fi 1,000 dọ́là sílẹ̀ kí wọ́n tó san ìyókù. Ẹrù mi látòkè délẹ̀, tó fi mọ́ aṣọ òkè tí ìyá mi fún mi, ṣé ó tó 6,000?

Omíyalé ló ń kọ mí lóminú jù. Inṣọ́ránsì ayálégbé kì í sábà bo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìjì Harvey ọdún 2017 ò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ará ibí. Inṣọ́ránsì omíyalé ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà wà lọ́tọ̀, NFIP ni wọ́n ń pè é, ayálégbé lè rà á fún ẹrù nìkan, àmọ́ ó sábà máa ń gba 30 ọjọ́ kó tó múlẹ̀.

Ẹ̀yin ará Texas, ṣé ẹ ra méjèèjì? Èló lẹ ń san? Ẹni tó bá ti béèrè owó rí, ṣé wọ́n san án wọ́ọ́rọ́wọ́, àbí rìsíìtì ni wọ́n fi dà yín láàmú?