Ìrírí mi lójú ọ̀nà Darwin, láti Cape Verde dé Bàhíà

Mo fẹ́ sọ ìrírí mi nínú ìrìnàjò kan lójú òkun. Mo wà lára àwọn tí ó wọ Oosterschelde ní Cape Verde, àwọn erékùṣù tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọkọ̀ onígbòkun olópòó mẹ́ta tí wọ́n kàn ní ọdún 1918, tí ó gbéra ní Plymouth ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 láti tọ ipa ọ̀nà tí Charles Darwin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ nípa bí àwọn ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà, gbà nínú ọkọ̀ Beagle láàárín ọdún 1831 sí 1836. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀: ẹni tí ó sanwó wọlé àti atukọ̀ ni wọ́n jọ ń fa okùn, tí wọ́n sì ń gba ìṣọ́ òru lọ́wọ́ ara wọn.

Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ òòyì òkun. Darwin pàápàá, tí òkun kò yé dà láàmú títí ó fi délé, a máa fi èso àjàrà gbígbẹ gbé ara ró. Gààrí ni tèmi.

Ẹ̀kọ́ tí n kò lè gbàgbé wáyé ní alẹ́ kan tí a ń sún mọ́ Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil. Ibẹ̀ ni ọ̀gákọ̀ Beagle, Robert FitzRoy, ti gbèjà ìkónilẹ́rú níwájú Darwin ní ọdún 1832. Ó ní òun ti ọ̀dọ̀ olówó ẹrú kan bọ̀, ẹni tí ó pe àwọn ẹrú rẹ̀ jọ, tí ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ òmìnira, tí gbogbo wọn sì dáhùn pé àwọn kò fẹ́. Darwin wá bi í bóyá ìdáhùn ẹrú lójú olówó rẹ̀ jámọ́ nǹkan kan. Inú bí FitzRoy débi pé ó ní àwọn méjèèjì kò lè jọ gbé mọ́. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ni ó ránṣẹ́ tọrọ àforíjì.

Àwọn tí a jọ jókòó ń yin Darwin, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè irú ènìyàn tí àwọn ẹrú náà jẹ́. Mo sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ ẹrú Bàhíà nígbà náà ni ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, àti pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, nígbà tí Beagle ṣì wà ní ìhà Chile, àwọn Mùsùlùmí láàárín wọn dìde ogun ní Salvador, olú-ìlú Bàhíà, láìsí olówó kankan níwájú wọn tí yóò bi wọ́n ní ìbéèrè. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ibi tí gbogbo wa kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà rẹ̀ ni Ladeira da Praça, òpópónà tí ìjà náà ti bẹ́ sílẹ̀.