Fínfín apá Màmá mi àti omi gbígbóná Katsuura

Àṣàkẹ́ Osaka: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Japan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, mo sì fẹ́ mú wọn lọ sí Katsuura ní Wakayama, kí wọ́n fi omi gbígbóná ibẹ̀ jó o, kí wọ́n sì rí òkun. Wọ́n ti dé Ìkògòsì rí, ibi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé, títí dòní wọn ò yé ròyìn ẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí: nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, wọ́n fín orúkọ wọn sí apá òsì, láti ìgúnpá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn ọwọ́. ÀDÙNNÍ, gàdàgbà báyìí. Mo sì gbọ́ pé wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó fín ara wọnú omi. Ṣé lóòótọ́ sì ni pé ìhòòhò ni gbogbo èèyàn ń wọ̀ ọ́? Èmi àti màmá mi kẹ̀? Wọn ò sì ní fẹnu kan ẹja tí wọn ò sè o.

Ìyá Ìbejì Nagoya: Ìhòòhò ni o, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀. Aṣọ ìkélé pupa ló sábà máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà tiwa. Kí ẹ tó wọnú omi, ẹ jókòó lórí àpótí kékeré tó wà níbẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ wẹ̀, kí ẹ sì ṣan gbogbo ẹ̀ dànù. Lọ́jọ́ témi kọ́kọ́ lọ, tààrà ni mo kọrí sínú omi. Ìyá arúgbó kan kàn nawọ́ sí àpótí, kò sọ nǹkan kan. Ojú gbà mí tì! Aṣọ ìnura kékeré náà kò gbọdọ̀ kan omi, orí làwọn màmá ibẹ̀ ń ká a lé.

Adéwálé K.: Ọ̀rọ̀ fínfín yẹn, àwọn yakuza, ìyẹn ẹgbẹ́ ọ̀daràn ilẹ̀ Japan, ló dá a sílẹ̀. Wọ́n máa ń fín gbogbo ẹ̀yìn àti àyà, ni ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ bá fòfin de fínfín lápapọ̀. Lọ́dún 2013, wọ́n dá obìnrin Maori kan, ọmọ ìbílẹ̀ New Zealand, padà ní ilé ìwẹ̀ kan ní Hokkaido nítorí fínfín ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àṣà ìran rẹ̀ ni. Torí náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àlàyé “àṣà Yorùbá ni”. Ẹ pe ilé ìtura náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ béèrè “kashikiri”. Omi tí ẹbí kan ń háyà fúnra wọn nìyẹn. Ẹ tilẹ̀kùn, ta ló fẹ́ ka ÀDÙNNÍ? Bí kò bá sí, pílásítà kan wà tí wọ́n fi ń bo fínfín.

Ìyá Ìbejì Nagoya: Pílásítà tó jọ àwọ̀ ara wọn ni mo rí ní ṣọ́ọ̀bù o. Lápá dúdú, á hàn ju fínfín lọ 😂

Bàbá Àgbà Apẹja: Mo ti gbé agbègbè yẹn. Ọkọ̀ ojú irin Kuroshio láti Shin-Osaka, bíi wákàtí mẹ́rin. Apá ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí, òkun wà níbẹ̀.

Wọ́n á sọ fún un yín nípa Bōkidō, omi ìwẹ̀ hótẹ́ẹ̀lì kan, inú ihò àpáta tó kọjú sí òkun gbayawu. Ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀ ni ihò àgbàgbé-ilé. Ó dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n àjọwẹ̀ ni, kì í ṣe kashikiri, hótẹ́ẹ̀lì ọ̀hún sì tóbi débi pé ìrìn inú ẹ̀ nìkan á tún ìrora orúnkún Màmá dá sílẹ̀. Létí èbúté, ibì kan wà tí wọ́n ti ń ki ẹsẹ̀ nìkan bọ omi gbígbóná, ọ̀fẹ́ ni. Kí wọ́n ká ìró dé orúnkún, kí wọ́n máa wo ọkọ̀ apẹja.

Láàárọ̀, ẹ tètè lọ sọ́jà ẹja. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àlejò ń dúró sí. Ẹ ó rí ẹja tuna tí wọ́n tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ bẹẹrẹ, tí wọ́n ti gé ìrù wọn, tí àwọn oníbàárà ń bẹ̀rẹ̀ wo àwọ̀ ẹran ibẹ̀. Kì í ṣe ẹja dídì o, ibi tí Katsuura ti yàtọ̀ nìyẹn. Fún Màmá, ẹ ra “maguro katsu”: wọ́n á yí ẹja tuna nínú búrẹ́dì rírún, wọ́n á dín in. Ata gígún, ẹ mú tiyín dání.

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá: Ṣé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹ bi dókítà wọn kí wọ́n tó wọlé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó, kí wọ́n rọra dìde, kí wọ́n mumi. Kí wọ́n bọ́ fàdákà ọrùn wọn pẹ̀lú, imí ọjọ́ inú omi yẹn á sọ ọ́ di dúdú.

Bàbá Àgbà Apẹja: Mo gbàgbé. Ẹ wo pátákó ọ̀nà àsálà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ìlú náà wà létí omi gan-an, ìgbì òkun tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1944 rú sókè sì bá a jà.

Àṣàkẹ́ Osaka: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti pe ilé ìtura kékeré kan, wọ́n ní kashikiri. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún Màmá lórí fóònù, títí kan ìhòòhò. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ṣé mo lè mú kàìnkàìn mi dání?”