Ìdárayá wo ni ìyá ẹni ọdún 71 lè máa ṣe nílé?

Ọmọ Alásọ
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi fi ọjà Gbági sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Látìgbà náà, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń gbé. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, wọ́n á di apá àga mú, wọ́n á ní "yéè, orúnkún mi o!" Kí ni wọ́n lè máa ṣe? Ẹ má sọ jíìmù, wọn ò ní lọ.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi jàre. Ẹni tó ti ru òkìtì aṣọ láti ọjọ́ yìí wá! Àbóníkì àti omi gbígbóná ti tó.

Fisio Ìbàdàn
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ìsinmi àsìnmijù yẹn gan-an ló ń mú kí orúnkún gan. Iṣan itan ló ń gbé orúnkún ró. Bó bá ti joro, orúnkún nìkan ni yóò máa jìyà. Ẹ wá àga onígi tí kò rẹlẹ̀, ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Kí Màmá jókòó sí etí rẹ̀, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí wọ́n wá dìde. Jíjókòó padà náà ṣe pàtàkì: kí wọ́n rọra ṣe é, kí wọ́n má kàn já lu àga. Bí wọ́n bá ṣì ń fọwọ́ ti àga, kò burú. Márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n di ògiri mú, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìgbà díẹ̀, torí ìṣubú la ń sá fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti pé 65 máa ṣe irú èyí ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó sì máa rìn tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Wọ́n lè pín in sí wẹ́wẹ́. Bí orúnkún bá wú tàbí tó gbóná, ọsibítù ni. UCH, ọsibítù ńlá tó wà n'Ìbàdàn, ní ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà.

Ará Peckham
Bí Màmá bá ń wọ sílípáàsì, ẹ bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ wọn ná, kí wọ́n má baà yọ̀ ṣubú! Bàbá tèmi ò fẹ́ gbọ́ ìdárayá sétí, àmọ́ bí mo bá ti fi jùjú sí i, ijó dé nìyẹn.

Ìyá Àgbà
Ìwọ ọmọ yìí, mo ju ìyá rẹ lọ. Ta ló ń bù omi fún un? Ta ló ń bá a mú rìmóòtù? Ẹ̀yin náà ni! Ata tèmi, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń lọ rà á. Ẹ yé ṣe gbogbo nǹkan fún un.

Ọmọ Alásọ
Ẹ ṣé, Mà. Òótọ́ ni, àwa la fi wọ́n ṣe ọba. Fisio, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òòyì sì máa ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde. Ṣé kò léwu?

Fisio Ìbàdàn
Ẹ dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, oògùn náà lè wà nídìí rẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀, kí wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí wọ́n máa mi ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò, kí wọ́n tó nàró.