"Sàkání" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "ìpínlẹ̀"

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú làákàyè. Àbá tó wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa fi Yorùbá pe àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó inú òfin ètò ìlú ni pé bí ìlú bíi Òṣogbo bá ń tún òfin ilé kíkọ́ rẹ̀ ṣe, kí á máa pe ọ̀nà-ọ̀nà tí wọ́n pín ìlú sí, ibi ilé gbígbé, ibi ọjà, ibi iléeṣẹ́, ní "ìpínlẹ̀". Kí á sì pe ìlànà tí ilé gbọ́dọ̀ bá mu ní "òṣùwọ̀n ìdàgbàsókè". Ẹni tó dá a lábàá gbìyànjú, àmọ́ n ò gbà.

"Ìpínlẹ̀" ti ní olówó orí. Láti August 1991 tí wọ́n ti yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo di olú-ìlú, kò sí ọjọ́ tí rédíò kì í pe Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ lọ sọ fún bàbá onílé kan ní Òkè-Baálẹ̀ pé ìpínlẹ̀ rẹ̀ ti yí padà, á ní ṣé wọ́n tún ti dá òmíràn sílẹ̀ ni. Ẹlòmíì ní ká kúkú yá ti òyìnbó, ká ní "sóònù". Àwọn olóṣèlú ti gba ìyẹn. Ipò ni wọ́n fi ń pín láàárín ara wọn. "Ẹkùn" náà ti bọ́ sọ́wọ́ aṣòfin, ó sì fẹ̀ jù, torí ohun tí à ń wá orúkọ fún lè má ju òpópónà méjì lọ. "Sàkání" ló bá a mu. A máa ń ní ọ̀rọ̀ kan ò sí ní sàkání lágbájá: ibi tí àṣẹ mọ ló ń tọ́ka sí. Sàkání ọjà, sàkání ilé gbígbé, ó já gaara.

"Ìdàgbàsókè" ló bí mi nínú jù. Létí tiwa, ìdàgbàsókè ni kí ọ̀nà dán, kí omi ẹ̀rọ yọ. Àmọ́ "development" tí wọ́n fi ń túmọ̀, nínú òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1992, kò kan pé nǹkan dára tàbí kò dára: kíkọ́lé ni, wíwa ilẹ̀ ni, títí kan kéèyàn yí ohun tó ń fi ilé ṣe padà. Ká ní ìyá kan ní Alékúwodò dá ògiri pálọ̀ rẹ̀ lu síhà títì, ó rọ ilẹ̀kùn onírin sí i, ó to ọṣẹ, gáàrì àti káàdì ìpè sórí pẹpẹ. Lójú òfin, ó ti ṣe "development". Ta ni nínú wa tó máa ní ìdàgbàsókè ni ìyá yẹn ṣe? Bí wọ́n bá wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ó ṣe ìdàgbàsókè láìgbàṣẹ, àwọn aládùúgbò á ní ìjọba ń bínú sí ẹni tó ń tẹ̀ síwájú. "Ìlànà ìkọ́lé àti ìlò ilẹ̀" ni kí á kọ, kí ti ìyá yẹn jẹ́ "ìyípadà ìlò". Kò dùn bí ewì, àmọ́ bíríkìlà lè fi jiyàn níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba.

Àyè tí ilé gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí títì ńkọ́? Ẹnì kan kọ "ìfàsẹ́yìn". Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀tá wa ni kó rí ìfàsẹ́yìn! Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń sọ ni "ẹ fi àyè sílẹ̀". Ká gbà á bẹ́ẹ̀: àyè etí títì, àyè etí odò.

Ibi tí ilé àti iṣẹ́ ti pọ̀ mọ́ra ni kí á má pè ní "àdàlù", bí àbá náà ṣe wí. Àdàlù ń rùn bí èrú. Òṣogbo ìlú aró: ẹ̀yìnkùlé ni ìkòkò aró àwọn aláró wà, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ń sùn. "Àjùmọ̀lò" ni mo mú wá.

Ó ku Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Igbó fúnra rẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ilẹ̀ mìíràn sì yí i ká tí wọn ò fẹ́ kí ìkọ́lé já wọ̀. Wọ́n ní ká pe ilẹ̀ yẹn ní "ìdènà". Ògiri tàbí géètì ni ìyẹn máa ń mú wá sọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ gbalasa ni. Àwọn ọdẹ ní "etí igbó", ó sì tó. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e kalẹ̀. Tèmi lórí "sàkání" àti "ìlò ilẹ̀" ò ní yí padà.