Kúbùsù mẹ́rin lórí máṣíìnì kan: níbo ni tiyín dé?

Rántúrán

Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ o. Wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Èmi, mẹ́rin ni mò ń lé. Kúbùsù àjákù aṣọ mẹ́rin ló wà nílẹ̀ nínú yàrá mi, kò sí èyí tó tíì parí nínú wọn. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi wà lójú kan. Àmọ́ lóṣù yìí, gbogbo wọn ló sún síwájú, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n wá ròyìn.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí èyí tó dójú tì mí jù bẹ̀rẹ̀. Àjákù mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta ló wà nínú búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ onígun mẹ́rin tí a ń tò pọ̀ di kúbùsù. Ínṣì 2½ ni mo gé wọn, níbùú àti lóròó. Bí ojú ìrán bá mú ìdámẹ́rin ínṣì létí aṣọ kọ̀ọ̀kan, búlọ́ọ̀kù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 6½. Mo wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 6¼. Mo bínú sí téèpù, mo lọ mú rúlà, 6¼ náà ni. Àṣé ẹsẹ̀ máṣíìnì mi, irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ló fẹ̀ jù, ó ń fi ìdá kan nínú 16 ínṣì lé ohun tó yẹ kó mú. Ta ni yóò rí ìyẹn? Ṣùgbọ́n ojú ìrán méjì ló wà ní ìlà kan, aṣọ méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń bù jẹ, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìdámẹ́rin ínṣì ti lọ nìyẹn. Tí ẹ bá to búlọ́ọ̀kù 10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ínṣì 2½ ti dàwátì. Mo ti rán 31 kí n tó wọn ẹyọ kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Mo mú bíléèdì kí n máa tú u, mo tú méjì, mo wá rò ó pé kí ni mò ń dà láàmú. Àṣìṣe kan náà ló wà lára gbogbo wọn, wọ́n dọ́gba. Kúbùsù náà yóò kéré díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó bá ga á yọ síta, ó tán. Mo lẹ sẹ́lótéépù mọ́ ojú máṣíìnì, ní ìdámẹ́rin ínṣì gan-an sí abẹ́rẹ́, kí n lè máa fi etí aṣọ tọ̀ ọ́ láti ìsinsìnyí lọ. Búlọ́ọ̀kù tó kù ńkọ́? Mo ní láti mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe àtijọ́ rán wọn, kí wọ́n lè bá àwọn ẹ̀gbọ́n wọn mu. Ìyẹn dùn mí ju ohun gbogbo lọ.

Àjákù onígun mẹ́ta ló wà nínú èkejì. Mo máa ń gbé aṣọ onígun mẹ́rin méjì lé ara wọn, kí n fa ìlà láti igun dé igun, kí n rán ọ̀tún àti òsì ìlà náà, kí n wá gé e lórí ìlà náà: ó di onígun mẹ́rin méjì, onígun mẹ́ta méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ínṣì 4 ni mo ń gé e, kí n lè rí àyè gé e dọ́gba sí 3½ tó bá yá. Ohun tó ń ba tèmi jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni áyọ́nù. Aṣọ tí a gé láti igun dé igun máa ń fà bíi rọ́bà. Ẹ gbé áyọ́nù lé e, kí ẹ tún gbé e kúrò. Ẹ má wọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni mo tẹ́ sílẹ̀ ní yàrá: aṣọ ẹ̀yìn, òwú àárín, ojú rẹ̀ lókè. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà fún wákàtí méjì, mò ń gún píìnì, àtẹ́lẹwọ́ kan síra. Nígbà tí mo gbé e, kápẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e. Mo ti gún wọn pọ̀.

Ẹ̀kẹrin kò ní wàhálà, etí ló kù tí mò ń fi ọwọ́ rán.

Ohun tó wá jẹ́ kí wọ́n sún kì í ṣe agbára. Kúbùsù kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀ báyìí, tí mo bá sì fẹ́ dáwọ́ dúró, mo máa ń kọ ohun tó kàn sínú ìwé pélébé, kí n jù ú sínú àpò náà. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá tú iṣẹ́ kan jáde, gbogbo alẹ́ ni mo fi ń rántí ibi tí mo dé, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ọmọ Télọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ti kápẹ́ẹ̀tì yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ó ti ṣe èmi náà rí. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ mẹ́rin o. Méjì tó: ọ̀kan fún máṣíìnì, ọ̀kan fún ọwọ́.

Tèmi, pupa ni ọ̀tá mi. Mo parí kúbùsù pupa àti funfun, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, funfun di àwọ̀ tí n kò ra. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nu pupa yín dáadáa kí ẹ tó gé e. Tó bá yọ àwọ̀ sí i lára, ẹ fọ̀ ọ́ títí yóò fi jáwọ́. Mi ò gba pupa gbọ́ mọ́, bó tilẹ̀ búra fún mi.

Ìyá Olówùú

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí mẹ́rin máa bẹ. Mẹ́fà ni tèmi.

Dípò kí n gé òwú lẹ́yìn gbogbo ojú ìrán, mo máa ń ti àjákù méjì kékeré ti kúbùsù mìíràn sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì lẹ́yìn iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. Òwú kì í ṣòfò, abẹ́rẹ́ kì í sì gbé etí aṣọ mì níbẹ̀rẹ̀. Abọ́ àjákù kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún ìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo kà á, búlọ́ọ̀kù 40 ti wà nílẹ̀, n kò sì rántí ọjọ́ tí mo jókòó rán an.

Rántúrán

Ẹ ṣé, Mà. Mo ti gbé abọ́ kan kalẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ọmọ Télọ̀, bóyá òótọ́ lẹ sọ. Mo ṣí àpò ẹ̀kẹrin lánàá, mo bá ìwé pélébé mi níbẹ̀, ọwọ́ èmi gan-an ló kọ ọ́: "Ó ku ọ̀kan. Má gbàgbé ti òsì."

Ọ̀kan kí ni? Mo ti yí kúbùsù náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta.