Hosting wo ni kí n gbà fún ìkànnì òwò àdìrẹ mi?

Aláàdìrẹ Ìtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti kàmpálà ni mo ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, orí WhatsApp sì ni mo ti ń bá àwọn oníbàárà mi pàdé. Ní báyìí, àwọn tó wà ní Èkó àti àwọn tó wà ní London ń fẹ́ ibi kan tí wọ́n ti lè yẹ gbogbo ọjà wò kí wọ́n tó pè mí. Ọ̀dọ́kùnrin tí yóò bá mi ṣe ìkànnì náà ti mú hosting mẹ́ta wá, ìyẹn àyè tí a ó háyà lórí ẹ̀rọ tí ìkànnì náà yóò máa gbé: ọ̀kan jẹ́ ti òkè òkun, owó ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n ń gbà, èkejì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan níhìn-ín tó ń gba náírà, ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní VPS, tó wọ́n ju méjèèjì lọ, ọ̀dọ́kùnrin náà sì sọ pé èyí ni yóò jẹ́ kí ìkànnì mi yára. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé orúkọ òun àti ímeèlì òun ni òun yóò fi ra gbogbo rẹ̀. Àwòrán aṣọ bíi 60 ni mo fẹ́ kó síbẹ̀, n kò sì tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sanwó lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?

Oníṣẹ́ Ìkànnì, Ìbàdàn:
Ẹ kú ọjà o, mà. Kí á tó sọ̀rọ̀ hosting rárá, ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yanjú, nítorí hosting ṣeé pààrọ̀ láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n orúkọ ìkànnì, èyí tí wọ́n ń pè ní domain, ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sí i ni ó ni ín. Bí ọ̀dọ́kùnrin náà bá jápa lọ́la, tàbí tí gbólóhùn asọ̀ bá wà láàárín yín, yóò ṣòro kí ẹ tó gbà á padà. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yín, ímeèlì yín àti nọ́ńbà fóònù yín ni kí ó fi rà á. Bó bá jẹ́ èyí tó parí sí .ng tàbí .com.ng ni ẹ fẹ́, NiRA ni àjọ tó ń mójú tó wọn, ẹ sì lè rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí NiRA fọwọ́ sí. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, ibi tí mo bá ti ra orúkọ, n kò ní gba hosting níbẹ̀, kí ẹnì kan má baà di gbogbo rẹ̀ mú.

Ní ti VPS, ìyẹn apá ẹ̀rọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹnì kan, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá gbà á ni yóò máa tún un ṣe fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa dí ihò tí olè lè gbà wọlé, àfi bó bá háyà ẹni tí yóò máa bá a ṣe é. Hosting alájọlò, níbi tí ìkànnì púpọ̀ ti jọ ń lo ẹ̀rọ kan, ti tó fún àwòrán 60.

Ìyá Oníbàtà, Òṣogbo:
Ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má wo owó ọdún àkọ́kọ́ o. Ilé-iṣẹ́ òkè òkun kan tí mo bá da nǹkan pọ̀ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ iye ọdún àkọ́kọ́, ó wá fi èyí tó rí wínníwínní kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bí ọdún bá yípo, iye náà yóò di ìlọ́po mẹ́ta. Iye tí wọ́n bá ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ tí ọdún bá pé ni ẹ ó sì fi san án, kò tilẹ̀ dájú pé káàdì náírà yín yóò gbà á. Ti náírà ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí wọn ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ wo ìgbà tí wọn yóò dáhùn; ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni àwọn mìíràn máa ń jí.

Àbúrò Onímọ̀ Kọ̀ǹpútà, London:
Mo fara mọ́ ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n sọ, àyàfi pé ilé-iṣẹ́ lè máa gba náírà kí ẹ̀rọ rẹ̀ má sì sí ní Nàìjíríà, nítorí àwọn kan ń háyà ẹ̀rọ ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Ẹ bi wọ́n ní tààrà. Nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn tó wà nílé jìyà kí ìkànnì òkè òkun tó ṣí fún wọn. Síbẹ̀, bí àwọn oníbàárà yín ti pín sí Èkó àti London yìí, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Cloudflare ní ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń tọ́jú ẹ̀dà àwòrán sí ìlú púpọ̀, Èkó náà wà nínú wọn, kí oníkálukú lè rí i gbà nítòsí.

Oníṣẹ́ Ìkànnì, Ìbàdàn:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwòrán tó wúwo máa ń fa ìkànnì sẹ́yìn ju ibi tí ẹ̀rọ wà lọ. Àwòrán tí ẹ fi fóònù yà lè tó MB 4. Bí 60 bá rí bẹ́ẹ̀, MB 240 ni, dátà oníbàárà ni yóò sì jẹ. Ẹ ní kí ó dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí bíi KB 200, gbogbo rẹ̀ kò ní ju MB 12 lọ, ìlà ẹ̀kọ tó wà lára aṣọ yóò sì ṣì hàn kedere. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó ọ̀tọ̀ fún SSL, èyí tí kì í jẹ́ kí Chrome kọ "Not secure" sí ìkànnì yín, ẹ béèrè ìdí, nítorí ọ̀fẹ́ ni èyí tí àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ń fúnni.

Aláàdìrẹ Ìtòkú:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ti náírà ni n ó mú. Ìṣòro kan ló kù: ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun ti ra orúkọ ìkànnì náà lánàá, ní orúkọ ara òun.

Oníṣẹ́ Ìkànnì, Ìbàdàn:
Kò tíì bàjẹ́, mà. Ẹ ṣí àkáǹtì tiyín ní ilé-iṣẹ́ tó ti rà á gan-an, kí ó gbé e láti inú tirẹ̀ bọ́ sínú tiyín. Ọ̀pọ̀ wọn ló gba èyí láàyè. Kí ó tún yí orúkọ ẹni tó ni ín àti ímeèlì padà sí tiyín. Ẹ má tíì san ìyókù owó iṣẹ́ rẹ̀ títí ẹ ó fi fojú ara yín rí i níbẹ̀.